A gbé kọ̀ǹpútà wa lọ sí Windows 11, fódà tí a jọ ń lò kò ṣí mọ́: ẹ bá wa dá sí i

Atẹ̀wé Ṣómólú kọ̀wé:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Ilé ìtẹ̀wé kékeré kan ní Ṣómólú ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi ni wọ́n sì fi àwọn kọ̀ǹpútà ibẹ̀ lé lọ́wọ́, nítorí pé èmi ni mo kéré jù níbẹ̀. Àtìlẹ́yìn Microsoft fún Windows 10 parí ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, ṣùgbọ́n Alájà tó ni ilé iṣẹ́ kò gbà kí n fọwọ́ kan nǹkan kan títí di ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo ṣe ìgbéga náà ní òpin ọ̀sẹ̀, iná kò lọ, gbogbo rẹ̀ sì parí wẹ́rẹ́.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni wàhálà dé. A ní àpótí ìpamọ́ fáìlì kan lórí kọ́bọ́ọ̀dù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ inverter. Inú rẹ̀ ni fódà tí a ń pè ní ISE wà, inú fódà yẹn sì ni iṣẹ́ oníbàárà láti bí ọdún mẹ́fà sẹ́yìn wà: ìwé ìpè ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà ìjọ, ìwé ètò ìsìnkú, ìwé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ike omi. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì ti wọlé, kò sí ẹni tí yóò bi í pé ta ni. Ní báyìí, kọ̀ǹpútà ayàwòrán ń sọ fún wa pé ìlànà ààbò ilé iṣẹ́ wa kò gba àlejò tí kò dárúkọ láàyè, bẹ́ẹ̀ a kò ní ìlànà ààbò kankan ju àgádágodo ẹnu géètì lọ. Kọ̀ǹpútà akọ̀wé owó kò tilẹ̀ ṣàlàyé, 0x80070035 nìkan ló ń kọ sójú. Èyí tó wá yà mí lẹ́nu jù ni pé láptọ́ọ̀pù Alájà, tí òun náà wà lórí Windows 11, ṣí fódà náà láìjanpata.

Ẹ̀kejì ni pé kọ̀ǹpútà ayàwòrán ní fódà tirẹ̀ tó ń jẹ́ PLATE, tí kọ̀ǹpútà yàrá ẹ̀yìn máa ń mú fáìlì nínú rẹ̀ fún ẹ̀rọ tó ń ṣe plate tí a fi ń tẹ̀wé. Èyí ń béèrè orúkọ àti páásíwọọ̀dù, mo tẹ̀ ẹ́ bó ṣe yẹ, ó ní kò tọ̀nà. Mo tún un tẹ̀ tó ìgbà mẹ́wàá. Ẹ̀kẹta ni ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì ńlá wa, tó máa ń ya ìwé kí ó sì jù ú sínú fódà kan lórí kọ̀ǹpútà ayàwòrán. Ó ti dákẹ́. Láti ọjọ́ Ajé, fílaṣì ni a fi ń gbé fáìlì láti yàrá dé yàrá. Ẹ jọ̀wọ́, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ Fádéyí kọ̀wé:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ pa firewall, ògiri ààbò Windows, ẹ lọ sí Turn Windows features on or off, ẹ mú SMB 1.0 padà, kí ẹ sì tún kọ̀ǹpútà tàn. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe tèmi lọ́dún tó kọjá, ó sì ń ṣiṣẹ́ títí di òní.

Onínẹ́tíwọ́ọ̀kì Yaba kọ̀wé:

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì ṣe ohun tí àbúrò wa láti Fádéyí sọ yẹn. N kò sọ pé irọ́ ló pa o, ó lè ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹ mọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣí sílẹ̀.

SMB ni èdè tí àwọn kọ̀ǹpútà Windows fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ bí wọ́n bá ń pín fáìlì. SMB1 ni èyí tó dàgbà jù nínú wọn, láti àwọn ọdún 1980 ni ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti wá, ihò tó sì wà nínú rẹ̀ lórí Windows ni kòkòrò kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ WannaCry gbà wọlé ní oṣù karùn-ún ọdún 2017, tó fi ti fáìlì àwọn ènìyàn pa káàkiri ayé, títí kan ti àwọn ilé ìwòsàn ìjọba ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó sì ń béèrè owó ìtúsílẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Àtúnṣe ihò náà ti jáde láti oṣù kẹta ọdún yẹn. Àwọn tí kò tíì fi í sórí kọ̀ǹpútà wọn ló ràn jù. Kí ọdún náà tó parí ni Windows 10 ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láìní SMB1 nínú mọ́ fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í sórí kọ̀ǹpútà. Ṣọ́ọ̀bù tí fílaṣì oníbàárà ń wọ̀, tí ó ń jáde lójoojúmọ́, bíi tiyín, SMB1 kò yẹ ibẹ̀ rárá.

Ìṣòro mẹ́ta ni ẹ kó wá, n kò sì rò pé ìdí kan náà ni gbogbo wọn ní, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a yà wọ́n sọ́tọ̀. Kí ẹ tó yí nǹkan kan padà, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ọ̀nà wà láàárín kọ̀ǹpútà àti àpótí. Ẹ ṣí PowerShell, ibi tí a ti ń kọ àṣẹ fún Windows, ẹ fi àdírẹ́sì IP àpótí yín dípò èyí tí mo kọ yìí:

Test-NetConnection 192.168.1.50 -Port 445

Bí ẹ bá rí TcpTestSucceeded tó jẹ́ True, ọ̀nà wà, a jẹ́ pé ẹnu ilẹ̀kùn ni wọ́n ti dá yín dúró. Bó bá jẹ́ False, ẹ má wulẹ̀ dààmú ara yín lórí páásíwọọ̀dù; wáyà, ráútà tàbí firewall ni kí ẹ lọ bá. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ kọ Get-NetConnectionProfile lórí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wo ohun tó kọ síwájú NetworkCategory. Mo ti bá a pàdé lẹ́yìn ìgbéga, ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣọ́ọ̀bù tó ti jẹ́ Private tẹ́lẹ̀ ti di Public, tí Windows sì wá ń ṣe bí ẹni pé Wi-Fi pápákọ̀ òfurufú ni ẹ so mọ́. Fódà tí kọ̀ǹpútà náà fẹ́ pín fún àwọn yòókù lè má ṣeé dé. Settings, Network & internet, ni ẹ ti lè dá a padà sí Private. Ẹ kò ní láti pa firewall kankan.

Ohun kan tún wà tó máa ń ṣi ènìyàn lọ́nà. Bí ẹ kò bá rí orúkọ àpótí náà nínú Network ní File Explorer, kò túmọ̀ sí pé kò sí níbẹ̀. Ẹ tẹ \\192.168.1.50\ISE sí ojú àdírẹ́sì lókè, kí ẹ wo ohun tí yóò sọ.

Atẹ̀wé Ṣómólú kọ̀wé:

Ẹ ṣeun gan-an, ọ̀gá mi. Láti gbogbo kọ̀ǹpútà, True ni àpótí ń dáhùn. Kọ̀ǹpútà ayàwòrán ni ó ti di Public bí ẹ ṣe sọ. Mo dá a padà sí Private, ṣùgbọ́n PLATE ṣì ń kọ páásíwọọ̀dù láti yàrá ẹ̀yìn. Àpótí pẹ̀lú kò tíì gbà. Ọ̀rọ̀ àlejò yẹn ṣì ni kọ̀ǹpútà ayàwòrán ń sọ.

Olùkọ́ Sùúrùlérè kọ̀wé:

Ọ̀rọ̀ àlejò yẹn gan-an ni ìdáhùn. Nígbà tí ẹ ń wọlé láìdárúkọ láti ọjọ́ yìí wá, kì í ṣe pé àpótí mọ̀ yín o. Àlejò ló ń kà yín sí, ó kàn ń gba gbogbo àlejò wọlé ni. Windows 11 ẹ̀dà 24H2, tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 2024, ló yí nǹkan méjì padà nípa èyí. Èkíní, Windows Pro kò gbà mọ́ kí kọ̀ǹpútà wọ inú fódà ẹlòmíràn gẹ́gẹ́ bí àlejò. Àwọn ẹ̀dà Enterprise àti Education ti ń kọ̀ ọ́ láti ọdún 2017. Èkejì, ó ń fi dandan lé e pé kí gbogbo ìfìwéránṣẹ́ SMB ní ìbuwọ́lù, kí ẹni kẹ́ni má baà lè jókòó sáàárín ọ̀nà kí ó yí ohun tó ń kọjá padà. Páásíwọọ̀dù ẹni tó ń wọlé ni wọ́n ti ń fa ìbuwọ́lù yẹn yọ. Àlejò kò ní páásíwọọ̀dù, kò sì lè buwọ́ lù ú, ìdí nìyẹn tí àwọn òfin méjèèjì fi jọ ń lé e jáde.

Ẹ lọ wo láptọ́ọ̀pù Alájà. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé Windows 11 Home ni. Òfin méjèèjì yìí kò mú Home ní dandan, ni ó fi ń wọlé bí ti àná. Ó máa ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú, wọn a ní ṣebí Windows 11 kan náà ni.

Ẹ ó rí àwọn tí yóò sọ fún yín pé kí ẹ kọ àṣẹ méjì yìí sínú PowerShell tí ẹ ṣí gẹ́gẹ́ bí alábòójútó:

Set-SmbClientConfiguration -EnableInsecureGuestLogons $true
Set-SmbClientConfiguration -RequireSecuritySignature $false

Méjèèjì gbọ́dọ̀ jọ lọ ni, nítorí pé bí ẹ bá gba àlejò láàyè tí ẹ sì ṣì ń béèrè ìbuwọ́lù, àlejò náà kò ní wọlé. Bí oníbàárà bá dúró sí yín lórí tó ń béèrè iṣẹ́ rẹ̀, ẹ lè fi mú fáìlì rẹ̀ jáde, kí ẹ sì dá wọn padà sí $false àti $true kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ rántí pé ẹnikẹ́ni tó bá mọ páásíwọọ̀dù Wi-Fi yín ti lè pa iṣẹ́ ọdún mẹ́fà rẹ́ láti orí ìjókòó níta ṣọ́ọ̀bù, kò sì ní sí àkọsílẹ̀ pé òun ni.

Onínẹ́tíwọ́ọ̀kì Yaba kọ̀wé:

Mo fara mọ́ ohun tí Olùkọ́ sọ. Ohun tí ẹ ó ṣe ni pé kí ẹ fún àpótí náà ní orúkọ tí yóò máa mọ̀ yín sí. Ẹ ṣí ojú ewé ìṣètò rẹ̀ nínú bíráwúsà, ẹ dá àkáǹtì kan sílẹ̀, kí ẹ pè é ní atewe láìfi àmì ohùn sí i, ẹ fún un ní páásíwọọ̀dù gidi, kí ẹ sì fún un ní ẹ̀tọ́ láti kà àti láti kọ sínú ISE. Bí ẹ ti wà níbẹ̀, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ SMB sí: ẹ fi SMB2 ṣe èyí tó kéré jù tí yóò gbà, kí SMB3 jẹ́ èyí tó ga jù. Bí àpótí náà bá ti pẹ́, ẹ lè má rí SMB3 níbẹ̀ àfi tí ẹ bá fún un ní ìmúdójúìwọ̀n láti ọwọ́ ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Lẹ́yìn náà, ẹ pa àkáǹtì àlejò.

Ó wá ku kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí oníṣe lásán, ẹ má ṣí i gẹ́gẹ́ bí alábòójútó o, nítorí dírááfù tí ẹ bá so níbẹ̀ kì í sábà hàn nínú File Explorer. Ẹ kọ:

cmdkey /add:192.168.1.50 /user:atewe /pass
net use Z: \\192.168.1.50\ISE /persistent:yes

Àkọ́kọ́ yóò béèrè páásíwọọ̀dù, yóò sì tọ́jú rẹ̀ sínú Credential Manager. Ìkejì yóò so fódà náà mọ́ lẹ́tà Z. Lẹ́yìn tí ó bá ṣí, ẹ kọ Get-SmbConnection nínú PowerShell tí ẹ ṣí gẹ́gẹ́ bí alábòójútó, kí ẹ wo Dialect, ìyẹn ẹ̀yà SMB tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá rí 3.1.1 tàbí 3.0.2, ọkàn yín lè balẹ̀.

Atẹ̀wé Ṣómólú kọ̀wé:

Ó ṣí lórí kọ̀ǹpútà ayàwòrán! Alàgbà tó ń yàwòrán pariwo débi pé àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ rò pé iná ló mú un. Home ni láptọ́ọ̀pù Alájà lóòótọ́, Olùkọ́. Mo ti fún òun náà ní orúkọ àti páásíwọọ̀dù, ó bínú díẹ̀, ó ní ṣé òun ni wọ́n tún ń bi pé ta ni nínú ilé òun. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà akọ̀wé owó ń kọ àṣìṣe 1219 sójú, ó ní mo fẹ́ fi orúkọ méjì wọ ibì kan ṣoṣo.

Onínẹ́tíwọ́ọ̀kì Yaba kọ̀wé:

Ìsopọ̀ àtijọ́ kan ló ṣì wà lórí rẹ̀. Windows kì í gbà kí ènìyàn kan fi orúkọ méjì bá ẹ̀rọ kan sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ kọ net use * /delete, ẹ lọ sínú Credential Manager kí ẹ yọ ohun tó bá ní àdírẹ́sì tàbí orúkọ àpótí náà nínú, ẹ jáde kí ẹ tún wọlé, kí ẹ wá so ó.

Atẹ̀wé Ṣómólú kọ̀wé:

Ó ti gbà. Ó ku PLATE àti fọ́tòkọ́pì.

Olùkọ́ Sùúrùlérè kọ̀wé:

Ní ti PLATE, ẹ jẹ́ kí n béèrè nǹkan méjì. Ṣé kì í ṣe PIN tí wọ́n fi ń ṣí kọ̀ǹpútà ayàwòrán láàárọ̀ ni ẹ ń tẹ̀ láti yàrá ẹ̀yìn? PIN kò kọjá orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti ṣe é. Lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, páásíwọọ̀dù àkáǹtì gan-an ni yóò béèrè. Èkejì, ṣé àkáǹtì náà ní páásíwọọ̀dù rárá? Èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ lófìfo kò ní ṣiṣẹ́ láti ọ̀nà jíjìn, Windows fi mọ sórí kọ̀ǹpútà tó wà ni.

Atẹ̀wé Ṣómólú kọ̀wé:

Rárá o, ọ̀gá mi. Mo dá àkáǹtì tuntun sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà ayàwòrán, mo pè é ní plate, mo fún un ní páásíwọọ̀dù, mo sì fún un ní ẹ̀tọ́ lórí fódà náà ní Sharing àti ní Security. Láti kọ̀ǹpútà akọ̀wé owó, mo fi wọlé lẹ́ẹ̀kan. Láti yàrá ẹ̀yìn, orúkọ kan náà, páásíwọọ̀dù kan náà, ó ní kò tọ̀nà.

Alátùn-únṣe Ìkẹjà kọ̀wé:

Ẹ dákun, mo ti ń ka ìjíròrò yìí láti òwúrọ̀, ohun tí ẹ kọ gbẹ̀yìn yìí ló jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Kọ̀ǹpútà ayàwòrán àti ti yàrá ẹ̀yìn, ṣé ọjọ́ kan náà ni ẹ rà wọ́n, lọ́wọ́ ẹnì kan náà, tí wọ́n sì jẹ́ tòkunbọ̀?

Atẹ̀wé Ṣómólú kọ̀wé:

Bẹ́ẹ̀ ni! Báwo ni ẹ ṣe mọ̀? Àwòrán ojú wọn tilẹ̀ jọra nígbà tí wọ́n dé, òkè yìnyín kan báyìí.

Alátùn-únṣe Ìkẹjà kọ̀wé:

Ẹ lọ sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ whoami /user sínú Command Prompt. Ẹ ó rí nọ́ńbà gígùn kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú S-1-5-21, tí nọ́ńbà mẹ́ta ńláńlá tẹ̀lé e, kí ó tó wá kan èyí kékeré tó wà níparí, bíi 1001. Àwọn mẹ́ta àárín yẹn ni SID kọ̀ǹpútà náà, nọ́ńbà tí Windows fi ń dá a mọ̀. Bí ti méjèèjì bá jẹ́ ọ̀kan náà, wọ́n ti fi kọ̀ǹpútà kan ṣe ẹ̀dà èkejì.

Àwa tí a ń tún kọ̀ǹpútà ṣe mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ogún dé, kò sí ẹni tó ráyè fi Windows sórí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn a fi í sórí ọ̀kan, wọn a wá da gbogbo hard disk rẹ̀ kọ sórí àwọn yòókù. Ó yẹ kí wọ́n lo Sysprep, irinṣẹ́ Microsoft fún irú iṣẹ́ yìí, kí wọ́n tó dà á kọ, kí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan lè gba SID tirẹ̀ nígbà tó bá jí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ṣe é, àwọn náà sì ní àwíjàre. Ní ọdún 2009, Mark Russinovich, tó ṣe irinṣẹ́ NewSID tí gbogbo wa ń lò láti yí SID padà, pa NewSID tì, ó ní òun wádìí, òun kò rí ibi tí kí kọ̀ǹpútà méjì ní SID kan náà ti ń ṣe jàǹbá. Láti ìgbà yẹn, ọkàn gbogbo wa balẹ̀.

Ìgbà yí padà ní ọdún 2025. Àwọn ìmúdójúìwọ̀n Windows 11 24H2 àti 25H2 tó jáde láti ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ SID wò nígbà tí kọ̀ǹpútà kan bá ń fi orúkọ wọ òmíràn, yálà nípa NTLM tàbí Kerberos, ọ̀nà méjì tí Windows fi ń mọ ẹni tó ń wọlé. Bí ó bá rí i pé SID ẹni tó ń kànkùn bá ti ara rẹ̀ mu, yóò kọ̀ ọ́, yóò sì máa béèrè páásíwọọ̀dù léraléra bí ẹni pé ẹ ṣì í tẹ̀. Páásíwọọ̀dù yín kò ní ẹ̀bi. Ẹ ṣí Event Viewer, ibi tí Windows ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ sí, lórí kọ̀ǹpútà ayàwòrán, ẹ wo System, ẹ wá LsaSrv tó ní nọ́ńbà 6167. Bí ẹ bá rí i níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí.

Atẹ̀wé Ṣómólú kọ̀wé:

Nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bára mu láti orí dé ìdí. Mo fi ìka tọ̀ wọ́n lójú kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gbà. 6167 sì wà níbẹ̀, ó tó ogójì, iye ìgbà tí mo gbìyànjú rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé nìyẹn. Kí ni ṣíṣe?

Alátùn-únṣe Ìkẹjà kọ̀wé:

Ẹ tún Windows fi sórí ọ̀kan nínú wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ti yàrá ẹ̀yìn ni kí ẹ mú, nítorí pé kò ní nǹkan púpọ̀ lórí. Ẹ ṣe fílaṣì ìfisórí láti ojú òpó Microsoft, ẹ da fáìlì rẹ̀ àti ìṣètò ẹ̀rọ plate sí ibòmíràn, ẹ pa ohun tó wà lórí hard disk rẹ́, kí ẹ fi ẹ̀dà Pro kan náà sí i. Bí Windows rẹ̀ bá ti ní ìwé àṣẹ tó ti so mọ́ kọ̀ǹpútà náà, yóò dá a mọ̀ tó bá ti rí íntánẹ́ẹ̀tì, kò ní béèrè nọ́ńbà kankan. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà yín ní irinṣẹ́ tó ń yí SID padà lórí Windows tó ti ń ṣiṣẹ́. Microsoft kò fọwọ́ sí i, mo sì ti gba kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi irú rẹ̀ bàjẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà. Sysprep pàápàá, kí wọ́n tó dà á kọ ni ìgbà rẹ̀.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wo inverter yín o. Kò dára kí iná lọ nígbà tó bá dé ìdajì.

Akọ̀wé Màrínà kọ̀wé:

Mo kí gbogbo yín. Ọ́fíìsì wa ní Màrínà ní irú fọ́tòkọ́pì bẹ́ẹ̀, ó sì fi ọ̀sẹ̀ méjì dá wa dúró, nítorí náà mo lè sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn. Níbi tí fọ́tòkọ́pì wà, òun ni ó ń kànkùn, kọ̀ǹpútà yín ni ó sì ń dá a lóhùn. Ẹ tẹ àdírẹ́sì rẹ̀ sínú bíráwúsà, ẹ wọ ojú ewé alábòójútó rẹ̀, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń yan ẹ̀yà SMB. Àwọn kan gbọ́ SMB2 tàbí SMB3, ṣùgbọ́n SMB1 ni wọ́n gbé wọn kalẹ̀ sí, ènìyàn kàn ní láti yí i padà ni. Bó bá ní, ẹ dá àkáǹtì kan sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà ayàwòrán fún un, kí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sínú fọ́tòkọ́pì pẹ̀lú orúkọ kọ̀ǹpútà níwájú, bíi AYAWORAN\foto. Tiwa kò gbà títí tí a fi kọ orúkọ kọ̀ǹpútà mọ́ ọn.

Bí kò bá gbọ́ ju SMB1 lọ, tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é kò sì ní ìmúdójúìwọ̀n fún un, ẹ má torí rẹ̀ ṣí SMB1 lórí kọ̀ǹpútà kankan. Púpọ̀ nínú wọn mọ FTP, ọ̀nà àtijọ́ kan tí wọ́n fi ń fi fáìlì ránṣẹ́, àpótí ìpamọ́ fáìlì náà sì sábà máa ń gba FTP. Ẹ ṣí i lórí àpótí fún àkáǹtì kan ṣoṣo, tí kò lè dé ibòmíràn ju fódà ìwé tí wọ́n yà lọ. FTP kì í bo páásíwọọ̀dù mọ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí àkáǹtì náà kò fi gbọ́dọ̀ ní ẹ̀tọ́ kankan lórí ISE, tí ẹ kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ráútà ṣí i síta.

Atẹ̀wé Ṣómólú kọ̀wé:

SMB1 nìkan ni ó mọ̀, Màmá. Mo ti gbé e lọ sí FTP bí ẹ ṣe wí, ìwé àkọ́kọ́ tó sì yà dé inú fódà kí n tó rìn dé ìdí kọ̀ǹpútà. Yàrá ẹ̀yìn ti ní Windows tuntun, SID rẹ̀ ti yàtọ̀, ó wọ PLATE nígbà àkọ́kọ́ tí mo tẹ páásíwọọ̀dù.

Ṣùgbọ́n lálẹ́ àná, iná lọ, ráútà kú, nígbà tó padà jí, Z ti di pupa lórí gbogbo kọ̀ǹpútà. Àpótí ti gba àdírẹ́sì mìíràn.

Onínẹ́tíwọ́ọ̀kì Yaba kọ̀wé:

Ẹ wọ inú ráútà, ẹ wá DHCP, ibi tí ó ti ń pín àdírẹ́sì, kí ẹ fi 192.168.1.50 pamọ́ fún MAC àpótí náà, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kí ó má fún ẹlòmíràn mọ́. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún kọ̀ǹpútà ayàwòrán àti fọ́tòkọ́pì pẹ̀lú. Kí ẹ sì gbé ráútà náà bọ́ sórí inverter, ìwọ̀nba iná tó ń jẹ kò tó nǹkan.

Ọmọ Fádéyí kọ̀wé:

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ má bínú sí mi. Mo ti ka gbogbo rẹ̀. SMB1 tí mo ṣí lọ́dún tó kọjá ṣì wà lórí tèmi, firewall sì wà ní pípa. Báwo ni mo ṣe lè pa á dé láìṣe pé n ó pàdánù fódà wa?

Onínẹ́tíwọ́ọ̀kì Yaba kọ̀wé:

Kò sí ìbínú, àbúrò. Kọ́kọ́ kọ Get-SmbConnection, kí o wo Dialect. Bí kò bá sí èyí tó jẹ́ 1.5, ìyẹn SMB1, níbẹ̀, a jẹ́ pé o kò tilẹ̀ lò ó rárá, firewall ni o bá jà lásán. Tan firewall padà, fi nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín sí Private, kí o wá kọ èyí nínú PowerShell alábòójútó:

Disable-WindowsOptionalFeature -Online -FeatureName SMB1Protocol

Yóò ní kí o tún kọ̀ǹpútà tàn.

Ọmọ Fádéyí kọ̀wé:

3.1.1 ni gbogbo wọn. Ọdún kan gbáko ni mo fi ṣí ilẹ̀kùn tí ẹnikẹ́ni kò gbà wọlé. Mo ti tì í, mo tún un tàn, fódà wa ṣì wà níbẹ̀.